Kí Ẹ Tó Jẹ́ Kí Wẹ́dà Gé Ìjàpá Yín

Ìjàpá tí bàbá mi fi sílẹ̀ ṣì wà lẹ́yìnkùlé wa ní Ṣágámù. Wẹ́dà kan ní òun á gé ṣáàsì ẹ̀ kúrú, òun á sì mú un wálẹ̀ kó lè dà bí ọkọ̀ ìje. Mo ní kó dúró ná.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé. Volkswagen àtijọ́ yìí ò ní sípíríǹgì tó ká roboto. Irin gbọọrọ tó wà nínú páìpù tó dábùú ọkọ̀ níwájú àti lẹ́yìn ló ń lọ́ tá a bá já sí kòtò. Egungun ẹ̀yìn ẹ̀ ni ihò gígùn tó la àárín ṣáàsì kọjá. Ibẹ̀ ni wáyà kíláàṣì, ọ̀pá jíà àti páìpù epo gbà. Tí wẹ́dà bá gé e láìwọ̀n ọ́n dáadáa, ọkọ̀ á máa fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Tí iná bá kan epo ńkọ́?

Ẹ wo Ṣẹ́gun Oyèyíọlá, akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ifẹ̀. Ní 2014, ayé gbọ́ pé ó ti sọ Ìjàpá di ọkọ̀ tó ń lo oòrùn àti atẹ́gùn. Bátìrì ẹ̀ wúwo, ló bá fún abẹ́ ọkọ̀ lágbára sí i. Ẹrù tí ọkọ̀ máa gbé ló fi pinnu.

Èmi ò gbé nǹkan kan, kòtò nìkan ni mò ń bá jà. Ṣọ́ọ̀kì tuntun ni mo rà, a sì yẹ ìpẹtà abẹ́ ẹ̀ wò. Ẹ má fi egungun ẹ̀yìn dánra wò o!