Dókítà tó fi ilé ìwòsàn sílẹ̀ lọ sídìí ìdókòòwò: Kí ni Michael Burry rí tí àwọn báńkì kò rí?

Bí wọ́n bá ti dárúkọ Michael Burry, fíìmù The Big Short tí Christian Bale ti ṣe é lọ́dún 2015 ló máa ń wá sọ́kàn ọ̀pọ̀ èèyàn, àti owó tabua tó wọlé fún un nígbà tí ọjà ilé dojú dé ní Amẹ́ríkà. Àwọn dókítà tó ń rò ó láti fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ máa dókòòwò ń fi í ṣe àwòkọ́ṣe. Ṣùgbọ́n ibi tí mo fẹ́ kí wọ́n tẹjú mọ́ jù nínú ìtàn rẹ̀ ni ọdún méjì tó fi dúró, láàárín ìgbà tó ra ohun tó rà àti ìgbà tí owó dé.

San Jose, ní ìpínlẹ̀ California, ni wọ́n bí Burry sí lọ́dún 1971. Ọmọ ọdún méjì péré ni nígbà tí àrùn jẹjẹrẹ gba ojú rẹ̀ òsì, ojú onígíláàsì ló sì ń lò láti ìgbà náà. Ó kàwé ìṣègùn ní Vanderbilt University, ó wá lọ sí ilé ìwòsàn Stanford láti kọ́ nípa àrùn ọpọlọ. Iṣẹ́ wákàtí mẹ́rìndínlógún ni. Bó bá sì délé, kì í sùn: láti ọ̀gànjọ́ títí di nǹkan bí aago mẹ́ta òru ló fi ń kọ èrò rẹ̀ nípa ìpín ìdókòòwò sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ilé-iṣẹ́ wo ni ọjà ti pa tì? Kí ni ìwé ìṣirò owó rẹ̀ sọ? Èló ló yẹ kéèyàn rà á? Òǹkọ̀wé Michael Lewis ròyìn pé lọ́jọ́ kan, oorun gbé e lọ lórí ìdúró níbi iṣẹ́ abẹ, ó sì ṣubú lu àgọ́ ọ́síjìn tí wọ́n pa lé aláìsàn lórí. Àwọn kan ń sọ èyí bí ẹni ń yin akíkanjú, bẹ́ẹ̀ aláìsàn ló wà lábẹ́ àgọ́ náà. Ó ti tó àsìkò kó mú ọ̀kan nínú iṣẹ́ méjèèjì.

Ọdún 2000 ló mú ìdókòòwò. Gbogbo ohun tó ní kò ju bíi $40,000 lọ, gbèsè owó ilé ẹ̀kọ́ tó wà lọ́rùn rẹ̀ sì jẹ́ $145,000. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní ó kàn jí lọ́jọ́ kan tó bọ́ ẹ̀wù dókítà sílẹ̀ kò gbọ́ ìtàn náà dáadáa. Àwọn tó mọ̀ nípa owó ti ń ka ohun tó ń kọ lóru fún ọdún mélòó kan. Joel Greenblatt ti ilé-iṣẹ́ ìdókòòwò Gotham Capital san mílíọ̀nù kan dọ́là láti fi ra ìdá kan nínú mẹ́rin ilé-iṣẹ́ tuntun tí Burry dá sílẹ̀, Scion Capital. Ní 2001, nígbà tí ọjà lápapọ̀ já wálẹ̀ pẹ̀lú nǹkan bí ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún, Scion jèrè ìdá 55. Nígbà tí 2004 fi máa parí, $600 million ló wà níkàáwọ́ rẹ̀.

Ìgbà náà ni ojú rẹ̀ kúrò lára ìpín ilé-iṣẹ́, tó yí sí gbèsè ilé.

Lásìkò yẹn, ẹni tí owó oṣù rẹ̀ kò tó nǹkan lè yá owó ra ilé ní Amẹ́ríkà. Èlé ọdún méjì àkọ́kọ́ á kéré, lẹ́yìn náà á fò sókè. Àwọn báńkì a kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú gbèsè bẹ́ẹ̀ pọ̀, wọ́n á sọ wọ́n di bọ́ǹdì, wọ́n á tà á. Bọ́ǹdì kọ̀ọ̀kan ní ìwé àlàyé tirẹ̀, tó tó 130 ojú ewé, tí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sẹ́ni tó ń kà á. Burry jókòó tì wọ́n, ó kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìwà dókítà ló hù níbí: kò gba ohun tí wọ́n sọ fún un gbọ́ títí tó fi yẹ ara aláìsàn wò fúnra rẹ̀. Ó rí i pé àwọn tó yá owó láìní lè san ju èlé rẹ̀ lọ ń pọ̀ sí i. Ó tún ka ọjọ́: gbèsè tí wọ́n yá ní 2005, èlé rẹ̀ á fò sókè ní 2007.

Ohun tó rà dà bí ìgbà téèyàn ń san owó adójútòfò lórí ilé aládùúgbò tó rí i pé wáyà iná rẹ̀ ti ń ta. Á máa san owó díẹ̀ lọ́dọọdún. Bí bọ́ǹdì náà bá bàjẹ́, báńkì á san gbogbo owó orí rẹ̀ fún un. Kò pọn dandan kó ni bọ́ǹdì náà. Ní May 2005, ó ra $60 million irú rẹ̀ lọ́wọ́ Deutsche Bank, lórí bọ́ǹdì mẹ́fà, $10 million lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó burú jù ló ń ṣà. Ó yà á lẹ́nu pé iye kan náà ni báńkì ń gbà lórí èyí tó dáa àti èyí tí kò dáa.

Ìdúró wá bẹ̀rẹ̀. Gbèsè ń bàjẹ́, síbẹ̀ iye tí àwọn báńkì ní ohun ọwọ́ rẹ̀ tó kò ròkè, owó adójútòfò sì ń lọ. Ní 2006, ọjà lápapọ̀ lọ sókè ju ìdá mẹ́wàá lọ, Scion já wálẹ̀. Àwọn tó fowó síbẹ̀ ní kó dá owó àwọn padà. Burry fi àáké kọ́rí, ó ti apá owó tó wà lórí gbèsè ilé pa kí ẹnikẹ́ni má baà yọ ọ́. Àwọn kan fi ilé ẹjọ́ halẹ̀ mọ́ ọn. Greenblatt, tó kọ́kọ́ gbà á gbọ́, wọ bàálù wá sí California láti bá a fa ọ̀rọ̀ náà. Burry dá òṣìṣẹ́ dúró kó lè máa rí owó adójútòfò san.

Lójú tèmi, ìṣirò rẹ̀ tọ̀nà, àmọ́ àwọn tó bínú náà kì í ṣe aláìgbọ́n. Owó wọn ni. Torí pé ó mọ ìpín ilé-iṣẹ́ rà ni wọ́n ṣe gbé e fún un, wọn kò rò pé gbèsè ilé ló máa fi dá lé.

Láàárín 2007, ohun tó kà nínú ìwé ṣẹlẹ̀. Ó tó $700 million tó wọlé fún àwọn tó fowó sọ́dọ̀ rẹ̀, nǹkan bí $100 million sì jẹ́ tirẹ̀. Láti November 2000 títí di June 2008, èrè Scion jẹ́ ìdá 489 nínú ọgọ́rùn-ún, nígbà tí S&P 500, òṣùwọ̀n ọjà ìpín ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà, kò jèrè tó ìdá mẹ́ta. Ká má sì gbàgbé pé lẹ́yìn àwọn bọ́ǹdì yẹn, àwọn ẹbí tí wọ́n lé kúrò nílé ló wà. Burry kọ́ ló yá wọn lówó. Ní April 2010, ó béèrè nínú ìwé ìròyìn New York Times ìdí tí àwọn alábòójútó owó orílẹ̀-èdè náà kò fi rí ohun tí òun rí.

Ó ti Scion pa ní 2008, ó tún dá òmíràn sílẹ̀ ní 2013. Kò sì rí i bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo: ní January 2023, ó sọ fún aráyé pé kí wọ́n tà, nígbà tó di March, ó ní òun ṣì í, ọjà sì lọ sókè ní nǹkan bí ìdá 24 lọ́dún náà. Ní November 2025, ó yọ ilé-iṣẹ́ náà kúrò nínú àkọsílẹ̀ ìjọba, ó ní òun á dá owó àwọn olówó padà, torí ó ti pẹ́ tí iye tí òun rò pé nǹkan tó kò ti bá ti ọjà mu mọ́.