Òjò Ọjọ́ Ọjà Glazoué

Bí ẹ bá gba títì tó ti Kútọnu lọ sí Parakou, tí ẹ sì kọjá Bohicon, ẹ ó bẹ̀rẹ̀ sí í rí àpáta ńláńlá lọ́tùn-ún lósì. Agbègbè Collines nìyẹn, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Ìdàáṣà, Glazoué, Savalou àti Ṣábẹ̀ẹ́ wà níbẹ̀, ìlú àgbẹ̀ sì ni gbogbo wọn: iṣu, ẹ̀gẹ́, àgbàdo, ẹ̀pà, kajú, ìrẹsì. Ẹ̀ka èdè Yorùbá ni wọ́n ń sọ ní Ìdàáṣà àti Ṣábẹ̀ẹ́, òun ló sì gbé èmi akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè débẹ̀. Àmọ́ ọ̀rọ̀ òjò àti alùpùpù ni mo gbé wá lónìí.

Ọjọ́rú ni ọjọ́ ọjà Glazoué. Ní Ọjọ́rú kan lóṣù keje, mo gun ọ̀kadà láti Ṣábẹ̀ẹ́ lọ síbẹ̀. Zémìdján ni wọ́n ń pè é lọ́hùn-ún. Lédè Fọn, "gbé mi kíákíá" ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ó dá mi lójú pé ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n sọ ọ́ lórúkọ yẹn. Bí òjò ṣe ń kán tó tó, ọlọ́kadà mi yà sábẹ́ àtíbàbà kan tí wọ́n ti ń ta epo bẹntiróòlù inú ìgò. Mo ní ṣebí òjò náà kò tíì le. Ó ní ìgbà tí kò tíì le gan-an ló burú jù: epo ọkọ̀ àti eruku ojú títì á pò mọ́ omi, títì á máa yọ̀ bí ilá. Tí òjò bá rọ̀ pẹ́ díẹ̀ tó fọ̀ ọ́ lọ, táyà á tún di ilẹ̀ mú.

Àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ń tọrọ òjò, òjò náà ló sì ń dínà mọ́ wọn. Ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ ni Savalou máa ń ṣọdún iṣu tuntun. Kó tó dìgbà náà, àká ti ń gbẹ, owó oko ríro ń wọlé dè wọ́n, èlùbọ́ kò rí oòrùn gbẹ. Ìwọ̀nba tó kù láti tà gbọ́dọ̀ dé ọjà, ọ̀kadà nìkan ló sì lè wọ ọ̀nà oko lọ gbé e. Òun náà ló ń gbé aboyún àti ọmọ ilé-ìwé. Mo rí bàbá kan tó gbé ọmọ mẹ́ta, àṣíborí kan ṣoṣo, orí ara rẹ̀ ló sì dé e sí! Ẹ̀yin òbí, orí ọmọ ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ rò. Ẹ má sì ṣí agbòòrùn lórí alùpùpù. Atẹ́gùn lè fi í fà yín ṣubú.

Nígbà tí òjò dá díẹ̀, a yà kúrò lójú títì láti lọ kó iṣu oníbàárà rẹ̀ kan. Odò kékeré ọ̀nà náà ti kún. Lódì kejì, ìyá kan pọn ọmọ, ó ń bẹ ọlọ́kadà tó gbé e wá.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká kọjá. Ara ọmọ mi ń jó."

"Ìyá mi, ẹ má bínú. Omi tí mi ò rí ìsàlẹ̀ rẹ̀, mi ò lè gbé ọmọ yín wọ̀ ọ́."

Ó sunkún, ó bú u. Kò yẹsẹ̀, mo sì gbà pé òun ló tọ̀nà. Ṣùgbọ́n ibà ọmọdé kì í dúró de odò. Ìmọ̀ràn Àjọ Ìlera Àgbáyé ni pé kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 rí ìtọ́jú láàárín wákàtí 24 tí ibà bá mú un, àsìkò òjò sì ni ẹ̀fọn ń pọ̀.

Àwọn ọ̀dọ́ mẹ́rin tó ń bọ̀ láti oko ló fi igi wọn omi náà. Ó mu wọ́n dé ìbàdí. Wọ́n so ọwọ́ pọ̀, ẹni tó ga jù gbé ọmọ lé èjìká, wọ́n sì fa ìyá rẹ̀ kọjá. Mo sọ̀ kalẹ̀, ọlọ́kadà mi sì gbé tìyá-tọmọ lọ sí ilé ìwòsàn ní Glazoué.

Ó tó wákàtí méjì kó tó padà, omi ń ro tótó lára rẹ̀. Ó ní wọ́n ti fún ọmọ náà lóògùn ibà, ó ti ń mu ọmú. Lẹ́yìn náà ló bi mí bóyá mo rántí fi ọ̀rá bo iṣu.