Ẹni Tó Gun Ẹṣin, Ilẹ̀ Ló Ń Bọ̀: Ẹ̀kọ́ Orí Ìdagẹ̀rẹ́

Àwọn àgbà wa a máa sọ pé ẹni tó gun ẹṣin, ilẹ̀ ló ń bọ̀. Ọ̀rọ̀ ipò àti agbára ni wọ́n fi ń pa lówe: kí ẹni tó wà lókè lónìí má ṣe gbàgbé pé ilẹ̀ ń dúró dè é. Ṣùgbọ́n eré ìdíje kan wà lágbàáyé tó sọ òwe yìí di ọ̀rọ̀ gidi. Níbẹ̀, a kì í bi ẹlẹ́ṣin bóyá yóò sọ̀ kalẹ̀. Bí yóò ṣe sọ̀ kalẹ̀ ni gbogbo ojú ń wò, nítorí pé ohun tó wà láàárín sísọ̀ àti ṣíṣubú kò ju ìṣẹ́jú àáyá kan lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ti wo ọdún Gaani ní Nikki rí mọ bí ẹṣin ti í tu eruku lálá lórí pápá títẹ́jú. Ẹwà ni, iṣẹ́ ọwọ́ sì ni. Eré tí à ń sọ yìí yàtọ̀ sí i. Àwọn Faransé ń pè é ní *concours complet*. Inú ẹgbẹ́ ọmọ ogun ẹlẹ́ṣin ló ti wá, ó sì wọ ìdíje Òlíńpíìkì ní Stockholm ní ọdún 1912. Ìpele mẹ́ta ló ní. Ní àkọ́kọ́, ẹṣin yóò fi ìgbọràn àti ìrìn ẹ̀yẹ hàn nínú àgbàlá. Lẹ́yìn náà ni *cross*, eré inú igbó àti pápá. Ní ìkẹyìn, yóò fo àwọn ọ̀pá tí wọ́n gbé lé orí òpó, tí wọ́n máa ń já bọ́ bí pátákò bá kàn wọ́n.

*Cross* ni ọkàn eré náà. Ní ìpele tó ga jù lọ, ẹṣin àti ẹlẹ́ṣin yóò sáré ju kìlómítà mẹ́fà lọ, ní ìwọ̀n 570 mítà láàárín ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Àwọn ìdènà tí wọn yóò fò, ìtì igi ńlá, ògiri, kòtò àti omi, kì í ṣe ohun tó ń já bọ́. Níbi tí ilẹ̀ bá ti ga níwájú ìdènà tó sì jìn lẹ́yìn rẹ̀, jíjìn náà lè tó mítà méjì. Ẹṣin tó ń fò kò rí ibi tí yóò balẹ̀ sí títí yóò fi dé etí rẹ̀. Ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ gbà gbọ́.

Ẹrù tó ń sún síwájú

Bí ẹṣin bá dúró jẹ́ẹ́ lórí ilẹ̀ títẹ́jú, bíi ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún ìwúwo rẹ̀ ni ẹsẹ̀ iwájú ń gbé, nítorí orí àti ọrùn tó nà síwájú. Bó bá wá dorí kọ ìsàlẹ̀ òkè, ẹrù náà a tún sún síwájú sí i. Bí ó ti ń sọ̀ ni eré rẹ̀ ń pọ̀ sí i, tí ìṣísẹ̀ rẹ̀ sì ń gùn sí i, títí yóò fi dé ìdènà láìní agbára tí yóò fi gbé àyà rẹ̀ sókè. Ibẹ̀ ni ewu wà. Bí ẹsẹ̀ iwájú bá kọ́ igi tí kò yẹ̀, ìdí ẹṣin lè yí kọjá orí rẹ̀, kí ara tó wúwo tó ìdajì tọ́ọ̀nù já lé ẹni tó gùn ún. Ní ọdún 1999 nìkan, ẹlẹ́ṣin márùn-ún ló pàdánù ẹ̀mí wọn nínú eré yìí ní Bìrìtéènì. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọn irin kan di àwọn ìdènà kan, irin tí yóò kán bí ẹṣin bá fi agbára kọ lù ú, kí igi lè jábọ́ kí ẹṣin má yí.

Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ kò le láti béèrè: níbo ni ó yẹ kí ẹlẹ́ṣin gbé ara tirẹ̀ sí? Ó ti pẹ́ tí àwọn ọ̀gá ti ń jiyàn lé e lórí, ọkùnrin ará Ítálì kan ló sì yí àríyànjiyàn náà padà.

Kápítéènì tó wo ẹṣin

Federico Caprilli ni orúkọ rẹ̀. Ìlú Livorno ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1868, ó sì di kápítéènì nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun ẹlẹ́ṣin. Nígbà ayé rẹ̀, ohun tí wọ́n ń kọ́ gbogbo ọmọ ogun ni pé bí ẹṣin bá ń fò tàbí tó ń sọ̀ kalẹ̀, kí ẹlẹ́ṣin fẹ̀yìn lélẹ̀ pátápátá, kí ó na ẹsẹ̀ síwájú, kí ó sì fa ìjánu mọ́ra. Wọ́n gbà pé báyìí ni ẹrù yóò ṣe kúrò lórí ẹsẹ̀ iwájú ẹṣin tí kò lágbára tó. Caprilli kò bá wọn jiyàn lẹ́nu. Ó lọ wo ẹṣin tí kò sí ẹnikẹ́ni lẹ́yìn rẹ̀. Ó rí i pé ẹsẹ̀ iwájú ni ẹṣin fi ń balẹ̀ nígbà gbogbo, ó sì rí i pé ọrùn àti orí rẹ̀ ni ó fi ń díwọ̀n ara rẹ̀, bí ọmọdé tó ń rìn lórí igi tẹ́ẹ́rẹ́ ti ń na ọwọ́ méjèèjì. Ẹni tó bá di ọrùn náà mú ti di ọwọ́ ọmọdé náà mú.

Nítorí náà ni ó ṣe gé okùn irin tí ẹlẹ́ṣin ń ki ẹsẹ̀ bọ̀ kúrú, tó ní kí wọ́n gbé ìdí kúrò lórí gàárì, kí wọ́n tẹ̀ síwájú díẹ̀, kí ọwọ́ sì máa tẹ̀ lé ẹnu ẹṣin níbikíbi tó bá lọ. Àwọn ọ̀gá kan fi í ṣẹ̀sín. Ṣùgbọ́n ní Tor di Quinto lẹ́bàá Róòmù, níbi tí ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ ogun ẹlẹ́ṣin ní ẹ̀ka sí, ìdagẹ̀rẹ́ kan wà tó dúró fẹ́rẹ̀ẹ́ bí ògiri. Ibẹ̀ ni àwọn ọ̀gágun ọ̀dọ́ ti ń sọ̀ kalẹ̀ lórí ẹṣin, àwòrán wọn ìgbà náà ṣì ń ya ẹni tó bá rí i lẹ́nu. Ẹṣin fi ìdí wọ́lẹ̀, ó na ẹsẹ̀ iwájú, ó ń yọ̀ bọ̀ nínú iyanrìn, okùn ìjánu sì dẹ̀ lọ́wọ́ ẹlẹ́ṣin. Àwọn ọmọ ogun láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ wá kọ́ ẹ̀kọ́ náà. Ní Saumur, ní ilẹ̀ Faransé, Danloux tún ọ̀nà náà ṣe ní bíi ọdún 1930, títí ìjókòó tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè fi di ti gbogbo ilé ẹ̀kọ́ náà.

Caprilli fúnra rẹ̀ kò pẹ́ láyé. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1907, ó ṣubú láti orí ẹṣin ní Turin, ó sì kú ní ọmọ ọdún 39. Kì í ṣe ìdagẹ̀rẹ́ ló pa á.

Ohun tí àwọn ti òde òní fi kún un

Ẹni tó bá wo ìdíje lónìí lè rò pé ayé ti kọ ẹ̀kọ́ Caprilli sílẹ̀, nítorí bí ẹṣin bá ń fò bọ́ sínú kòtò, ẹlẹ́ṣin a máa fẹ̀yìn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n fà yọ nínú ẹ̀kọ́ náà ni òmìnira ọrùn ẹṣin. Ara ẹlẹ́ṣin ni wọ́n mú padà sẹ́yìn, kí ó má baà ré kọjá etí ẹṣin bí ẹṣin bá kọsẹ̀.

Bí iṣẹ́ náà ti rí nìyí. Orí òkè ni ẹlẹ́ṣin ti ń dín eré kù, kì í ṣe àárín ìdagẹ̀rẹ́, nítorí ẹṣin tí a fà níjàánu nígbà tó ń yọ̀ yóò gbé orí sókè, kò sì ní rí ilẹ̀ mọ́. Yóò na àyà, yóò tẹ gìgísẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò sì wà níwájú díẹ̀ bí òpó tó ti ògiri. Yóò mú ẹṣin lọ tààrà: ẹṣin tó sọ̀ ní tààrà lè fi ìdí jókòó kó sì yọ̀, ṣùgbọ́n èyí tó dábùú òkè lè yọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kó sì yí gbiri. Bí ẹṣin bá fò bọ́ sísàlẹ̀, okùn ìjánu yóò yọ́ gba àárín ìka ẹlẹ́ṣin lọ. Bí pátákò bá sì kan ilẹ̀, yóò yára kó okùn náà jọ, torí ìdènà mìíràn lè wà ní ìṣísẹ̀ mẹ́ta síwájú.

Kò sí èyí tí a ń ṣe ní àìròtẹ́lẹ̀. Kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀, ẹlẹ́ṣin ti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rin gbogbo ọ̀nà náà, nígbà mìíràn lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó wo ibi tí òjò ti mú ilẹ̀ rọ̀, àti ibi tí òjìji igi yóò ti bo ojú ẹṣin tó ń bọ̀ láti inú oòrùn. Ẹṣin kò rin ọ̀nà náà. Ìgbà àkọ́kọ́ tí yóò rí i ni ìgbà tó ń sáré.

Òkè Pratoni

Kò jìnnà sí Tor di Quinto ni Pratoni del Vivaro wà, láàárín àwọn òkè tí iná abẹ́ ilẹ̀ dá sílẹ̀ láyé àtijọ́ ní gúúsù ìlà-oòrùn Róòmù. Ibẹ̀ ni wọ́n ti sá *cross* ti Òlíńpíìkì ọdún 1960. Bill Roycroft, ará Ọsirélíà, ẹni ọdún 45, ṣubú níbẹ̀, egungun èjìká rẹ̀ sì kán. Lẹ́yìn náà, ó kúrò ní ilé ìwòsàn, ó tún gun ẹṣin rẹ̀, ó fo gbogbo ọ̀pá láìjẹ́ kí ọ̀kan já bọ́, kí ẹgbẹ́ rẹ̀ má baà pàdánù. Wúrà ni wọ́n gbà.

Ní ọdún 2022, ìdíje àgbáyé padà sí òkè kan náà. Yasmin Ingham, ọmọbìnrin ẹni ọdún 25 láti Bìrìtéènì, ló borí, lórí Banzai du Loir, ẹṣin tí wọ́n bí ní ilẹ̀ Faransé.

Nǹkan bí àádọ́fà ọdún àti márùn-ún ló wà láàárín ikú Caprilli àti ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní etí ìdagẹ̀rẹ́ kò yí padà. Ẹlẹ́ṣin mú ẹṣin dé ibẹ̀ ní ìwọ̀n tó yẹ, ó jókòó níbi tó yẹ, ó sì tú ọwọ́. Láti ibẹ̀ lọ, ẹṣin ló ni ẹsẹ̀, òun náà ló sì ni orí. Ẹni tó bá fẹ́ bá a sọ̀ dé ilẹ̀ láìṣubú gbọ́dọ̀ jẹ́ kó rí ibi tó ń lọ.