Àlàyé: Ṣé lóòótọ́ ni pé ìjọ Sàtánì ni orin "Hotel California" ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀?

Ó ti pẹ́ tí àwọn èèyàn ti ń sọ pé orin "Hotel California" tí ẹgbẹ́ olórin Eagles ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà kọ jẹ́ orin ìyìn fún Sàtánì. Wọ́n ní òtẹ́ẹ̀lì inú orin náà, tí àlejò wọ̀ tí kò sì rí ọ̀nà kúrò níbẹ̀ mọ́, ni ibùjọsìn ìjọ Sàtánì.

Irọ́ ni. Ṣùgbọ́n irọ́ tó ní orísun ni.

Ibi tí àhesọ náà ti ṣẹ̀ wá

Ní ọdún 1966, Anton LaVey dá Ìjọ Sàtánì sílẹ̀ ní ìlú San Francisco. Ilé rẹ̀, tí wọ́n kùn ní ọ̀dà dúdú, ni ibùjókòó ìjọ náà, orúkọ òpópónà tí ilé náà wà sì ni California Street. Ilé gbígbé ni, kì í ṣe òtẹ́ẹ̀lì, àmọ́ orúkọ òpópónà yẹn tó fún àwọn tó ń wá nǹkan tí wọn yóò so pọ̀.

Wọ́n tún ní LaVey ló dúró lókè nínú fọ́tò tó wà nínú páálí àwo orin náà. Hollywood ni wọ́n ti ya fọ́tò ọ̀hún, ojú ẹni náà kò sì hàn débi tí èèyàn fi lè dárúkọ rẹ̀.

Èyí tó le jù ni ọ̀rọ̀ "spirit". Nínú orin náà, àlejò béèrè wáìnì, wọ́n sì dá a lóhùn pé "spirit" bẹ́ẹ̀ kò sí lọ́wọ́ àwọn láti ọdún 1969. Ọdún yẹn gan-an ni LaVey tẹ ìwé rẹ̀, The Satanic Bible, jáde. Ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń lò fún ẹ̀mí àti fún ọtí líle. Tí ẹ bá túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, dandan ni kí ẹ mú ọ̀kan, kí ẹ fi ìkejì sílẹ̀. Ẹni tó mú ẹ̀mí nìkan ló ń sọ pé Ẹ̀mí Mímọ́ ni wọ́n lé jáde.

Akọ̀ròyìn kan tilẹ̀ sọ fún Don Henley ní ọdún 2009 pé wáìnì kò sí lára ọtí tí wọ́n ń sè bí ògógóró, nítorí náà orin náà ṣì í lò. Henley dáhùn pé kì í ṣe ọtí ni òun ń sọ, bí kò ṣe ipò tí àwùjọ wà. Bí a ṣe lóye rẹ̀, ẹ̀mí ìgbà tí àwọn ọ̀dọ́ Amẹ́ríkà ń fẹ̀hónú hàn lórí ogun Vietnam ló ti kúrò nílé. Owó àti fàájì ló gba ipò rẹ̀.

Kí ni orin náà ń sọ gan-an?

Don Felder ló kọ́kọ́ fi jìtá gbé ohùn orin náà kalẹ̀, kí Henley àti Glenn Frey tó fi ọ̀rọ̀ sí i. Àwo orin náà jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 1976, orin náà sì gba ipò kìíní ní Amẹ́ríkà ní oṣù Karùn-ún ọdún 1977. Kò sí ọmọ California láàárín àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: Texas ni Henley ti wá, Michigan ni ti Frey, Florida ni ti Felder. Los Angeles ni wọ́n ti di olówó, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti rí bí ìgbé ayé ìjẹkújẹ ṣe ń de èèyàn mọ́lẹ̀. Henley ti ṣàlàyé léraléra pé àṣejù ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni orin náà dá lé.

Òtẹ́ẹ̀lì kan tó ń jẹ́ Hotel California wà lóòótọ́ ní Todos Santos, lórílẹ̀-èdè Mexico. Ó ti wà kí wọ́n tó kọ orin náà. Ní ọdún 2017, ẹgbẹ́ Eagles pe àwọn tó ni ín lẹ́jọ́ pé wọ́n ń jẹ́ kí àwọn àlejò gbà pé òun ni orin náà ń sọ. Ẹjọ́ náà parí ní oṣù Kìíní ọdún 2018, lẹ́yìn tí òtẹ́ẹ̀lì náà yọ ìwé tó fi ń béèrè ẹ̀tọ́ lórí orúkọ ọ̀hún ní Amẹ́ríkà kúrò.