Oorun Àwọn Tí Ń Fi Òru Ṣiṣẹ́

Nígbà tí ìlú Ìjẹ̀bú-Òde bá sùn, kì í ṣe gbogbo ènìyàn inú rẹ̀ ni ó sùn. Nọ́ọ̀sì ń bẹ ní ilé-ìwòsàn ìjọba, ọlọ́dẹ ń yí ọjà ká, ẹni tí ń ṣe búrẹ́dì sì wà nídìí ààrò. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ìgbà náà ni àwọn wọ̀nyí ń wá oorun, ọ̀pọ̀ wọn kì í sì í rí i sùn tó.

Ìdí rẹ̀ ni pé ohun kan wà nínú ara ènìyàn tí ń ṣe iṣẹ́ agogo, ìmọ́lẹ̀ tí ojú wa ń rí ni ó sì ń darí rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ṣú, ọpọlọ a tú oje kan tí a ń pè ní mẹlatóníìnì sínú ẹ̀jẹ̀, oorun a sì bẹ̀rẹ̀ sí í kùn wá. Ara a máa tutù díẹ̀díẹ̀ títí di nǹkan bí agogo 4 ìdájí, wákàtí tí ipénpéjú ọlọ́dẹ ń wúwo jù. Àkùkọ pẹ̀lú ní irú agogo yìí. Nítorí rẹ̀ ni kì í fi í dúró de oòrùn kí ó tó kọ. Ní ọdún 2017, àwọn ọ̀mọ̀wé Amẹ́ríkà mẹ́ta, Jeffrey Hall, Michael Rosbash àti Michael Young, gba Ẹ̀bùn Nobel nítorí pé wọ́n fi eṣinṣin kéékèèké tí ń bà lé èso wádìí bí agogo náà ṣe ń ṣiṣẹ́.

Kò rọrùn láti dorí agogo yìí kodò. Nítorí náà, kí ẹni tí ó ti ibi iṣẹ́ òru bọ̀ má ṣe jẹ́ kí oòrùn òwúrọ̀ pa ojú rẹ̀ pẹ́. Kí ó fa fìlà bojú, kí ó wọlé tààrà, kí ó sì ta aṣọ tí ó nípọn sí ojú fèrèsé. Àgbàlagbà nílò oorun wákàtí 7, ó kéré tán. Bí kò bá rí i sùn lẹ́ẹ̀kan, kí ó sun díẹ̀ ní òwúrọ̀, kí ó sì sun ìyókù ní ìrọ̀lẹ́ kí ó tó padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ obì ni n ó sọ gùn díẹ̀, nítorí pé ilẹ̀ Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ ni a wà. Gbànja tí àwọn oníṣòwò ń kó láti Ṣàgámù lọ sí Òkè Ọya, òun náà ni ọlọ́dẹ ń rún lẹ́nu ní òru. Kaféènì tí ó wà nínú kọfí ni ó wà nínú obì. Kì í lé oorun lọ. Ó ń fi í pamọ́ ni. Lẹ́yìn wákàtí bí 5, nǹkan bí ìdajì rẹ̀ ṣì wà nínú ara. Ẹni tí ó rún obì ní agogo 10 alẹ́ jẹ ẹ́ lásìkò. Ẹni tí ó rún un ní agogo 5 ìdájí ni yóò dùbúlẹ̀ ní agogo 9 tí yóò máa ka igi àjà.

Síbẹ̀, ènìyàn ni ó ń ba oorun ọ̀sán jẹ́ ju oòrùn àti obì lọ. Wọ́n ti tọ́ wa dàgbà pé ọ̀lẹ ni ó ń sùn nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́. Ìdí nìyẹn tí àlejò fi ń sọ pé, “Ẹ bá mi jí i, n kò ní í pẹ́.” Bí ìyá tàbí bàbá yín bá jẹ́ òṣìṣẹ́ òru, ẹ máa bá wọn gba iṣẹ́ tí àlejò bá fẹ́ jẹ́, kí ẹ sì gbé odó jìnnà sí fèrèsé. (Ní ọjọ́ Ojúde Ọba, ọjọ́ kẹta Iléyá, kí òṣìṣẹ́ òru kúkú tọrọ ìsinmi, kò sí aṣọ fèrèsé tí ó lè dí ìró ìlù àti ìbọn.)

Ọ̀ràn yìí kì í ṣe ọ̀ràn ìgbádùn. Ní ọdún 2007, àjọ àgbáyé tí ń ṣe ìwádìí àrùn jẹjẹrẹ ka iṣẹ́ òru mọ́ àwọn ohun tí ó ṣeé ṣe gidigidi kí ó máa fa àrùn náà. Ewu tí ó súnmọ́ wa jù ni ti ojú ọ̀nà: nọ́ọ̀sì tí ó ti fi òru gbogbo dúró ti aláìsàn, tí ó wá gun alùpùpù lọ sílé ní agogo 8, tí ojú rẹ̀ ń ṣí tí ó sì ń pa dé. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ kọ́kọ́ fẹ̀yìn lélẹ̀ fún ìṣẹ́jú 20 níbi iṣẹ́, tàbí kí ó wọ ọkọ̀ tí ẹlòmíràn ń wà.