Àwọ̀ Ara Nínú Ìṣirò Kíndìnrín

Ọkùnrin méjì lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ọjọ́ orí wọn dọ́gba. Ohun tí a rí nínú ẹ̀jẹ̀ wọn dọ́gba. Ọ̀kan jẹ́ òyìnbó, èkejì jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Ìwé èsì òyìnbó sọ pé agbára kíndìnrín rẹ̀ jẹ́ 18. Ti aláwọ̀ dúdú sọ pé 21 ni. Báyìí ni ìṣirò náà rí ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ibẹ̀ fún nǹkan bí ogún ọdún.

Kíndìnrín méjì ni ó wà lẹ́yìn ikùn wa. Wọ́n ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀ bí obìnrin ti ń sẹ́ ògì, ìdọ̀tí a sì bá ìtọ̀ lọ. Ọ̀kan nínú ìdọ̀tí náà ni èyí tí ìwé àyẹ̀wò ń pè ní créatinine. Inú iṣan ara ni ó ti ń wá. Bí kíndìnrín bá ń kú lọ, créatinine a máa pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀. Òun ni àwọn oníṣègùn fi ń ṣírò agbára kíndìnrín. Ti ẹni tí ara rẹ̀ le sábà máa ń ju 90 lọ.

Ní ọdún 1999, àwọn onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà gbé ìlànà ìṣirò kan jáde lẹ́yìn àyẹ̀wò ènìyàn 1,628. Díẹ̀ nínú wọn ni aláwọ̀ dúdú. Wọ́n rí i pé créatinine àwọn wọ̀nyí pọ̀ ju ti àwọn yòókù lọ, bí kíndìnrín wọn tilẹ̀ ń ṣiṣẹ́ bákan náà. Wọ́n ní iṣan àwọn dúdú ni ó pọ̀ jù. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń bù kún èsì gbogbo aláwọ̀ dúdú. Nínú ìlànà tí ó tẹ̀ lé e ní 2009, 100 di nǹkan bí 116. 18 di nǹkan bí 21.

Ìṣirò náà kò béèrè bóyá ènìyàn ń roko tàbí ó ń jókòó ní ọ́fíìsì, bóyá ó sanra tàbí ó rù. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ jẹ́ òyìnbó, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ dúdú ńkọ́? Ẹni tí ó ń kọ ìwé ni yóò yan ọ̀kan fún un!

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti orí ìwé lásán. Ní Amẹ́ríkà, agbára kíndìnrín gbọ́dọ̀ kù sí 20 kí ọjọ́ ènìyàn tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà láàrin àwọn tí ń dúró de kíndìnrín ẹlòmíràn. Ẹni tí ó ní 18 wọlé. Ẹni tí ó ní 21 padà sílé pẹ̀lú àìsàn kan náà.

Àwọn onímọ̀ wọn kíndìnrín àwọn ènìyàn ní Côte d'Ivoire àti Kóńgò, wọ́n sì gbé èsì wọn jáde ní 2019: ìṣirò tí kò bù kún nǹkan kan nítorí àwọ̀ ni ó sún mọ́ òtítọ́ jù. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn kíndìnrín ní Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ìlànà tuntun tí kò ní àwọ̀ nínú. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, a pàṣẹ fún àwọn ilé ìwòsàn pé kí wọ́n tún ìwé àwọn dúdú tí ń dúró yẹ̀ wò, kí wọ́n sì dá ọjọ́ tí wọ́n pàdánù padà fún wọn.

Láàrin ọdún kan àti oṣù díẹ̀, àwọn tí ó ju 14,000 lọ ni a ṣe é fún. Bí a bá pín in dọ́gba, ọdún méjì ni ó kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Àwọn tí ń dúró nìkan ni àṣẹ náà kàn. Àwọn tí ó ti kú ṣáájú kò sí nínú ìwé mọ́.