Àga Ìfọ́mọlọ́yàn: Ṣé Kí Abiyamọ Rà Á ni, tàbí Kí Ó Fi Owó Rẹ̀ Ṣe Nǹkan Mìíràn?

A kọ ìwé pẹlẹbẹ yìí fún ẹ̀yin abiyamọ tí ẹ wà ní Òṣòdì àti Ìsọlọ̀, ní Máfólúkù, Ṣógúnlé, Òkè-Àfà àti gbogbo agbègbè wọn, nítorí ìbéèrè kan tí ó ti di lemọ́lemọ́ lẹ́nu àwọn aboyún, pàápàá àwọn tí ń bí àkọ́bí: pé ṣé dandan ni kí àwọn ra àga tí a fi ń fún ọmọ lọ́yàn, irú èyí tí wọ́n ń rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, onítìmùtìmù, tí ń fì síwá fì sẹ́yìn, tí owó rẹ̀ sì tó èyí tí à bá fi gbọ́ bùkátà ìkómọ. Kì í ṣe dandan. Ṣùgbọ́n ó ní abiyamọ tí ó ń ṣe láǹfààní, ohun tí a sì fẹ́ ni kí olúkúlùkù mọ ibi tí òun wà kí ó tó na owó.

Ọgbọ́n tí ó wà nídìí àga yìí kò ṣàjèjì sí wa. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń ṣe é láyé Ọbabìnrin Fikitóríà, àga kúkurú ni, tí ìjókòó rẹ̀ súnmọ́ ilẹ̀, kí ẹsẹ̀ ìyá lè tẹlẹ̀ dáadáa, kí itan rẹ̀ sì di pẹpẹ fún ọmọ. Kí ni àpótí tí àwọn ìyá wa àgbà ń fi jókòó lẹ́bàá ògiri ẹ̀yìnkùlé, bí kò ṣe ohun kan náà? Àwọn agbẹ́gilére wa pàápàá mọ̀ ọ́n, nítorí ẹni tí ó bá wo ère abiyamọ tí ó kúnlẹ̀ tí ọmọ sì wà lẹ́nu ọmú rẹ̀ yóò rí i pé ẹ̀yìn rẹ̀ nàró ṣánṣán, kò tẹ̀.

Títẹ̀ yẹn gan-an ni ó ń fa ìyọnu. Ní ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára, ọ̀pọ̀ ìyá ni à ń rí lórí bẹ́ńṣì tí wọ́n doríkodò bí ẹni tí ń wá abẹ́rẹ́ nílẹ̀, tí wọ́n ń gbé ọmú lọ bá ọmọ dípò kí wọ́n gbé ọmọ wá bá ọmú. Ọrùn wọn yóò le, orí ọmú yóò sì bó. Nọ́ọ̀sì kì í wá àga kankan fún irú ìyá bẹ́ẹ̀. Àpótí kékeré kan ni yóò tì sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, yóò ká ìró sí mẹ́rin, yóò fi lé e nítan, yóò ní kí ó fẹ̀yìn ti ògiri, lẹ́yìn náà ni yóò yí ọmọ kí ikùn rẹ̀ kọjú sí ikùn ìyá, kí etí, èjìká àti ìbàdí rẹ̀ wà lórí ìlà kan, kí imú rẹ̀ sì dojú kọ orí ọmú. Nígbà tí ọmọ bá ya ẹnu gbàgà, tí ìyá sì fà á mọ́ra, àgbọ̀n ọmọ yóò kan ọmú, ètè ìsàlẹ̀ yóò ṣí síta, ìyá tí ó ń sunkún ìrora ní ìṣẹ́jú díẹ̀ sẹ́yìn yóò sì mí kanlẹ̀.

Nítorí náà, ẹ bí ọmọ ná, kí ẹ tó ra àga. Ọmọ tuntun lè mu ọyàn nígbà 8 sí 12 láàárín ọ̀sán àti òru. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, ara yín yóò ti sọ ohun tí ó ń fẹ́. Àga tí ẹ ti ní nílé, ìrọ̀rí méjì àti àpótí ìtìsẹ̀ lè tó. Ìyá mìíràn wà tí fífẹ̀gbẹ́lélẹ̀ tẹ́ lọ́rùn ju ìjókòó lọ.

Àwọn tí a lè gbà níyànjú pé kí wọ́n rà á ni àwọn tí a ṣe iṣẹ́ abẹ fún, tí ojú ọgbẹ́ kò jẹ́ kí wọ́n lè tẹ̀ tàbí kí wọ́n dìde nílẹ̀, àwọn tí ẹ̀yìn ti ń dùn tipẹ́, àti àwọn ìyá ìbejì. Ìyá ìbejì tí ó fẹ́ fún Táyé àti Kẹ́hìndé lọ́yàn pọ̀ nílò àga tí ó fẹ̀, tí kò ní apá, kí ẹsẹ̀ ọmọ lè gba abẹ́ apá ìyá kọjá sẹ́yìn.

Ẹ má san owó àga tí ẹ kò tíì jókòó lé. Ẹ bọ́ bàtà yín, ẹ jókòó, kí ẹ wò ó bóyá àtẹ́lẹsẹ̀ yín tẹlẹ̀. Fóòmù tí ń rì bí ẹrẹ̀ kò dára, nítorí ẹni tí ojú abẹ ń dùn kò ní lè dìde nínú rẹ̀. Ẹ yẹra fún aláwọ: bí iná bá lọ tí fáànù sì dúró, yóò lẹ̀ mọ́ yín lẹ́yìn. Aṣọ tí ó ṣeé bọ́ fọ̀ ni kí ó wà lára rẹ̀, nítorí ọmọ yóò bì sí i. Èyí tí ń fì lè ká ìka ẹ̀gbọ́n ọmọ tí ń rákò kiri mọ́lẹ̀. Káfíńtà àdúgbò lè kan èyí tí ó bá gíga yín mu.

Ìwọ̀n eku sì ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú wa ní ń gbé yàrá ẹyọ kan, níbi tí bẹ́ẹ̀dì, sítóòfù àti kẹ́ẹ̀gì omi ti gba gbogbo ilẹ̀. Bí àga bá wọlé, tí ó lé ẹní tí àwọn ọmọ yòókù ń sùn sí jáde, ó ti di àlejò tí ń lé onílé.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka èyí lẹ́ẹ̀mejì. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Bí oorun bá gbé ìyá lọ lórí àga onítìmùtìmù tàbí àga gbọọrọ inú pálọ̀, ọmọ lè yọ́ wọ àárín ìyá àti ìrọ̀rí, kí imú rẹ̀ dí, kí ẹ̀mí sì bọ́ láìké láìgbin. Ewu èyí pọ̀ ju ti ibùsùn lọ. Bí ojú yín bá ń wúwo lóru, ẹ dìde kúrò lórí àga, kí ẹ fi ẹ̀yìn ọmọ lélẹ̀ lórí ibùsùn pẹrẹsẹ tí kò ní ìrọ̀rí. Ẹ má sì gbé àga sí ẹ̀bá fèrèsé tí jẹnẹrétọ̀ ń tú èéfín sí.

Ní ti owó, ẹyin, ẹja, ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ tí ìyá yóò jẹ ṣíwájú àga. Nínú ìwádìí ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2018, ọmọ 29 péré nínú 100 tí kò tíì pé oṣù 6 ni ó ń mu ọyàn nìkan. Kì í ṣe àìsí àga ni ó fà á. Omi àti àgbo tí à ń rọ ọmọ wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìyá tí ó ní láti tètè padà sí ìsọ̀. Ìdá 88 nínú 100 ọyàn jẹ́ omi, kò sì sí ooru Èkó tí ó ju agbára rẹ̀ lọ. Ní ti ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, ní ọdún 2014, Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó sọ ìsinmi ìbímọ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ obìnrin di oṣù 6 fún ọmọ méjì àkọ́kọ́, ó sì fún àwọn bàbá ní ọjọ́ 10. Kí bàbá fi ọjọ́ wọ̀nyí gba ọmọ lẹ́yìn ọmú, kí ó máa fọwọ́ lu ẹ̀yìn rẹ̀ pẹ̀lẹ́ títí yóò fi gùfẹ̀, kí ìyá sì sùn; ìrànlọ́wọ́ yìí ju àga èyíkéyìí lọ.

Bí ọmú bá ń dùn yín, tàbí tí ọmọ kò gbà á dáadáa, ẹ má kọ́kọ́ gba ọ̀dọ̀ káfíńtà lọ. Ẹ gbé ọmọ wá sí ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé tí ó súnmọ́ yín, tàbí sí Ilé Ìwòsàn Ìjọba ní Ìsọlọ̀, kí agbẹ̀bí wo bí ó ti ń mu ọyàn. Ẹ mú ìró kan dání.